Oko Tí Mo Dákẹ́ Lé Lórí

Òórùn kọfí tó ti pẹ́ lórí iná, àti erùpẹ̀ gbígbẹ tó ń já bọ́ lára bàtà àwọn àgbẹ̀: ohun tí mo fi ń rántí ọ́fíìsì yẹn nìyẹn. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí kí ìwé-àṣẹ nọ́ọ̀sì ẹni tó jáde. Iṣẹ́ tí a bá rí la máa ń ṣe. Èmi rí tèmi ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́ fún àwọn àgbẹ̀, ní ìgbèríko kan tó wà lẹ́yìn ìlú McKinney, ní Amẹ́ríkà níbí. Láti Mesquite, ìlú tí mo ń gbé, ni mo ti ń wakọ̀ lọ láràárọ̀. Kí n tó débẹ̀, ó ti rẹ̀ mí.

Iṣẹ́ náà kò le. Àgbẹ̀ á wá, a ó tẹ́ àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sórí tábìlì, á kọ ohun tó gbìn sí oko kọ̀ọ̀kan, á sì fọwọ́ sí i. Oko tí wọn kò bá kọ kí ọjọ́ tí ìjọba dá tó kọjá, bí ọ̀dá jó o di eérú, kò sí kọ́bọ̀ fún un.

Bàbá àgbẹ̀ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ó máa ń mú tòmátì wá fún mi, ó sì ti sọ fún mi pé òun gbin òwú sí oko ẹ̀bá odò, pé oko yẹn ni ìyàwó òun tó ti kú fẹ́ràn jù, òun ò sì ní tà á láéláé. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn tí ìjọba dá, ó dé. Àwọn àgbẹ̀ méjì tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti ń gbàgbé ọ̀nà ilé. Ó kọ oko méjì, ó fọwọ́ sí i, ó fi oko ẹ̀bá odò sílẹ̀ lófìfo.

Mo rí i. Bí mo ṣe ń rí àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo ṣe rí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀yọ́ ni mí. Ta ni mí tí n ó fi àṣìṣe han àgbà lójú àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín? Mo ní tó bá délé, n ó pè é. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sàn-án, kò gbé e. Oko ló wà. Ẹ̀rọ ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo pa á. Ṣé ẹ̀rọ ni mo wá fẹ́ máa fẹjọ́ àgbà sùn? Nígbà tó di aago márùn-ún, a ti ìlẹ̀kùn.

Ọ̀dá ọdún náà jó òwú gbogbo àdúgbò gbẹ. Wọ́n san owó oko méjì fún bàbá, wọn kò san ti ẹ̀bá odò. Ọ̀gá mi bẹ̀bẹ̀ lókè, wọn kò gbà. Nígbà tí bàbá wá, ó jókòó níwájú mi.

"Ṣé o rí i lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i, sà. Mi ò fẹ́ dójú tì yín níwájú wọn ni."

Ó fi fìlà rẹ̀ lé orí tábìlì. "Ojú ì bá tì mí," ó ní, "á sì tán níbẹ̀."

Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Kí òtútù tó dé, ó ti ta oko ẹ̀bá odò, kó lè rí ohun tí yóò fi gbin ìyókù.

Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́, ti bàbá ló bá mi dákẹ́. Àṣà tí mo sì fi bojú kò ní kí n dákẹ́. Ìyá mi ì bá kúnlẹ̀, ì bá sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́. Ìdajì ẹ̀kọ́ náà ni mo mú dání wá sí Amẹ́ríkà. Ní ọsíbítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì báyìí, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì àgbà, mo ń sọ ọ́ sí i létí.

Ní oṣù tó kọjá, arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa pè wá ká wá bá òun dúpẹ́ ilé tuntun. Bí mo ṣe yà kúrò ní títì, mo mọ odò yẹn, bó ṣe rí gan-an lórí àwòrán ilẹ̀ bàbá. Arábìnrin náà fà mí lọ sẹ́yìn ilé, inú rẹ̀ ń dùn.

"Sister mi, ẹ wo backyard wa, títí dé creek yẹn ni o. Kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?"

Mo ní ó rẹ̀ mí ni. Òótọ́ sì ni. Ó ti ń rẹ̀ mí láti ọjọ́ yẹn.