Kọ̀ǹpútà Ọlọ́pọlọ Méjì tí Àbúrò Ọkọ Mi fi Wa Bàálù

Mo ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́, ọmọ mi sùn lẹ́yìn mi, nígbà tí dírẹ́bà kan tó ń ná Èkó sí Ifẹ̀ na ìwé pélébé kan sí mi lójú fèrèsé. Ọ̀gá wa ló fi rán an. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan ni ọ̀gá wa ní ní Lágéré, èmi ni atẹ̀wé rẹ̀. Mo ti jáde ìwé girama nígbà náà, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi Yorùbá kọ tí n kò ní lè kà. Ìlà kan péré ló wà nínú ìwé náà, kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀: "Mo ti ri opolo meji ra. E wa aye fun won, mo n bo lola."

Ọ̀pọ̀lọ́ méjì ni mo kà. Ẹ má bú mi. Ní Ifẹ̀ nígbà yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ẹranko a máa wá ọ̀pọ̀lọ́ kiri fún iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò wọn, ọ̀gá wa sì jẹ́ ẹni tí kò sí ohun tí kò lè tà. Mo wá garawa, mo bu omi díẹ̀ sí i, mo já koríko tútù sí i, mo fi agbọ̀n dé e, mo tún gbé òkúta lé e kí wọ́n má baà fò jáde. Nígbà tí ọ̀gá wa dé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú páálí ńlá kan, ó wo garawa, ó wò mí.

"Kí lèyí?"

"Ààyè àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ni, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọpọlọ ni mo kọ o! Ọpọlọ, èyí tó wà lórí! Kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ méjì ni mo rà!" Fún bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, kò sí ẹni tó wọ ṣọ́ọ̀bù wa tí kò bi mí pé ṣé àwọn ọ̀pọ̀lọ́ mi ti jẹun.

Àbúrò ọkọ mi obìnrin ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà náà kàn jù. Ìbàdíàrán ni mo ń pè é, nítorí ìyàwó kì í la orúkọ mọ́ ọmọ tó bá nílé ọkọ lórí, ì báà jẹ́ pé òun ló dàgbà jù. Ìbàdíàrán ti gba ìwé láti ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú kan lókè Ọya pé kó wá ṣe ìdánwò ìgbaniwọlé. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí bàbá rẹ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù, kí fọ́ọ̀mù sì kúrò ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀.

Bàbá ọkọ mi ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa lọ́rì kòkó kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì sí ilé wa ní Òkèrèwè. Wọn kì í ṣe aláriwo èèyàn. Wọ́n kàn wo fọ́ọ̀mù náà níwá lẹ́yìn, wọ́n ní, "Obìnrin tó ń wa lọ́rì gan-an, n ò tíì rí i. Ẹ wá ní ká máa wí ti bàálù." Èmi ni wọn ì bá sọ ọ́ fún, ẹkún ni ǹ bá fi dáhùn. Ìbàdíàrán kò sunkún. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wo bí mo ṣe ń wà á."

Inú ṣọ́ọ̀bù wa, lójú kọ̀ǹpútà, ló ti ń wà á. Géèmù ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n eré inú rẹ̀ kò pọ̀: aago tó ń sọ bí bàálù ti ga tó, èyí tó ń sọ bó ti ń sáré tó, táyà tí wọ́n ń ká wọlé tí wọ́n ń nà jáde, gbogbo rẹ̀ ló pé, ọ̀pá ìdarí kan sì wà tí a ń fọwọ́ dì mú. Bàbá ronú sí i. Wọ́n ní, "Gbígbé e sókè kọ́ ni iṣẹ́. Wèrè pàápàá lè tẹná. Bó o ṣe máa gbé e gúnlẹ̀ ni mo fẹ́ wò. N ó wá ní Sátidé. Tó bá gúnlẹ̀, n ó buwọ́ lù ú. Tó bá já, ọ̀rọ̀ bàálù parí nílé yìí."

Ìṣòro ibẹ̀ nìyí. Kọ̀ǹpútà tí Ìbàdíàrán fi ń kọ́ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọpọlọ kan ló ní, òun nìkan sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa lè so mọ́. Bí èmi bá rán iṣẹ́ oníbàárà láti orí kọ̀ǹpútà tèmi, òun ló máa gbà á tẹ̀. Ó ń wa bàálù, ó tún ń tẹ̀wé, kò sì lè ṣe méjèèjì pọ̀. Bí mo bá ti rán ojú ìwé kan, bàálù á dúró gbagidi lójú sánmà bí aṣọ tí a sá sórí okùn, nígbà tí ojú rẹ̀ bá sì fi máa là, imú rẹ̀ ti wọlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé gan-an sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ya bo ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá wa ti là á mọ́lẹ̀ pé iṣẹ́ oníbàárà kò ní dúró de eré.

Ìdí nìyẹn tí inú wa fi dùn sí ọlọ́pọlọ méjì yìí. Òun ló rọ́pò ti àtijọ́, òun náà sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá so mọ́. Ọ̀gá wa ní ọpọlọ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ lágbára tó ti kọ̀ǹpútà àtijọ́. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà," ló wí, "ohun tí ọpọlọ kan ń wà, méjì á wà á ní ìlọ́po méjì." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìbàdíàrán gbé bàálù sókè, gbogbo wa na ọrùn. Bàálù náà ń lọ bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀, ìṣísẹ̀ kan, ìsinmi kan, gẹ́lẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ojú kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó ń fi iṣẹ́ ọpọlọ méjèèjì hàn, àpótí méjì, ìlà àwọ̀ ewé kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìlà ti àkọ́kọ́ ti ga dé òkè téńté. Ti èkejì nà gbalaja sílẹ̀.

"Ẹ wò ó, ìyàwó wa," Ìbàdíàrán ní, "ọ̀kan ń làágùn, ọ̀kan ń sùn!"

Ọ̀gá wa ka ìwé tó bá kọ̀ǹpútà wá, ó họ orí, ó wá jẹ́wọ́: ọpọlọ kan ni àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe é fún. Ẹ kó ọpọlọ mẹ́wàá síbẹ̀, ọ̀kan náà ló máa wà á. Ìbàdíàrán dìde, ó pa kọ̀ǹpútà náà, ó ṣíwájú mi lọ sílé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bí a ti ń jẹun, ó ráhùn sí mi létí Bàbá pé ọpọlọ kejì kò wúlò, ọ̀lẹ ni. Bàbá kò gbójú sókè nínú àwo wọn.

"Ọkọ̀ wo lẹ ti rí tí èèyàn méjì di sítíárì rẹ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà? Bí mo bá ń sọ̀kalẹ̀ òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú kòkó lẹ́yìn, ẹnìkejì mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan sítíárì. Tó bá fọwọ́ kàn án, gbogbo wa kú. Òun ló ń ṣọ́ ẹrù. Òun ló ń wẹ̀yìn. Òun ló ń dá àwọn èrò tó ń pariwo lóhùn, kí ojú mi lè wà lọ́nà. Ṣé ó wá ń sùn ni?"

Mo dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Bí ìyá bá gba ọmọ lẹ́yìn mi nígbà tí mo bá gbé iṣẹ́ wálé, wọn kì í bá mi tẹ̀wé, wọn ò mọ lẹ́tà kan. Ọwọ́ mi ò yá sí i ju bó ṣe ń yá lọ. Ṣùgbọ́n kì í dúró mọ́. Kí n tó la ẹnu, Ìbàdíàrán ti di apá mi mú. "Ìyàwó wa, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé! Kí èkejì máa tẹ̀wé!"

A fẹ́ dán an wò ní kùtù ọjọ́ Sátidé, iná ò sí. Ìgbà tí iná fi máa dé, Bàbá ti dé fìlà wọlé, wọ́n ti jókòó sórí àga oníke, wọ́n fi ọwọ́ lérí orúnkún. Kò sí ààyè àdánwò mọ́. Ìbàdíàrán gbé bàálù sókè, ó yí i po, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un bọ̀ nílẹ̀. Àsìkò náà gan-an ni akẹ́kọ̀ọ́ kan já wọlé, ó ń mí gúlegúle.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ojú ìwé méje péré! Olùkọ́ mi fẹ́ rìnrìn àjò báyìí báyìí!"

Ọ̀gá wa wò mí. Ìka mi wà lókè bọ́tìnnì, kò lè sọ̀kalẹ̀. Tí ohun tí a rò kò bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni n ó fi ìka ara mi já bàálù àbúrò ọkọ mi lulẹ̀ lójú bàbá rẹ̀.

Ìbàdíàrán kò yíjú padà. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa."

"Ìbàdíàrán, ẹ jẹ́ kó balẹ̀ ná."

"Mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́, mo dijú. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí mo lajú, bàálù ṣì ń bọ̀. N kò ní purọ́, kò yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣì ń gun àkàsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dúró. Ìlà kejì tó ti ń sùn láti ìgbà tó ti dé Ifẹ̀ ti dìde. Ìgbà náà ni mo wá wo ọwọ́ Ìbàdíàrán dáadáa. Ó ti mọ ibi tí bàálù náà ti ń tiro, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ṣíwájú rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan, kò le ọwọ́, kò jáyà. Mo wo Bàbá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ń tẹ sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì.

Táyà kan ilẹ̀. Ó ta lẹ́ẹ̀kan. Ó tún kan ilẹ̀, ó yí lọ, ó dúró.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń ké. "Ó ta," Bàbá ní. Ìbàdíàrán tẹrí ba. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, ó ta lẹ́ẹ̀kan." Bàbá tọ́ fìlà wọn. "Èmi náà, lọ́rì tí mo kọ́kọ́ wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gọ́tà. Ìyàwó, bá mi wá bíírò."

Lónìí, ọpọlọ tó wà nínú fóònù ọmọdé pàápàá ju méjì lọ. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń jiyàn pé ṣé púpọ̀ wọn ń mú kí géèmù bàálù dára sí i. Mo ti gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe géèmù náà ti kọ́ bí a ti ń pín iṣẹ́ fún wọn, ó sì yẹ kí wọ́n kọ́ ọ. Ní ìgbà tiwa, ẹni kan ló ń wà á. Èkejì kàn gba ẹrù kúrò lọ́rùn rẹ̀ ni, ohun tí a sì nílò lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ìbàdíàrán yege, ó lọ, ó ń wa bàálù tó ní èrò nínú. Mo ṣì ń fi í yangàn ju bó ṣe mọ̀ lọ. Bàbá náà, mo ṣì ń yìn wọ́n, nítorí àgbàlagbà tó lè yí ohùn padà lójú ọmọ kò pọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò sọ lójú wọn. Ọmọ mi obìnrin ni mo sọ ọ́ fún, bí a ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé náà, kò sì tíì mọ̀ ju "màmá" lọ. Mo tún ọ̀já rẹ̀ so, mo yí ẹnu sẹ́yìn sí i, mo ní, "Tó bá di tìrẹ, kọ́kọ́ gbé fọ́ọ̀mù wá. N ó buwọ́ lù ú ná, ká tó wá máa wò ó bóyá o mọ̀ ọ́n wà."