Eruku Kò Gbọdọ̀ Kan Ẹ̀rọ

Rubiela Arbeláez, ìyàwó mi, kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá nílé ìwòsàn kan ní Manizales níbí, pẹ̀lú rọ́bà afẹ́fẹ́ nímú. Eruku ló pa á. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀yin ọ̀gá fásitì ṣe ń ka èyí, ẹ ti ń mi orí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un kọ: eruku sìmẹ́ńtì àti iyanrìn tó ń fà símú níbi iṣẹ́ yín ló ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ títí kò fi lè mí mọ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo lọ kó ẹrù rẹ̀ ní yàrá ìdánwò yín. Òkè Ruiz, òkè oníná tó wà nítòsí wa, ti tu eérú ní ìdájí. Mo bá ọkùnrin méjì tí wọ́n ń fi aṣọ rírọ̀ nu ẹ̀rọ ńlá yẹn, bí ẹni ń nu ọmọ tuntun. Gildardo Echeverri, ọ̀gá ẹ̀ka wọn, dúró tì wọ́n, ó ń sọ pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra." Nígbà tó rí mi, ó ṣíjú wò mí tàánútàánú.

"Hernán, ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ilẹ̀kùn dé. Eruku ń wọlé."

Mo pa á dé. Ẹ gbọ́, mo pa á dé! Opó ni mí láti àárọ̀, mo sì ń dáàbò bo irin.

Obìnrin là ń sọ pé ó ní orogún. Èmi ọkùnrin ni mo ní tèmi, irin sì ni. Àkẹ́jù ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ tó dé láti òkè òkun ni fadá wá wọ́n omi mímọ́ sí i lára, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, tí Rubiela sì dúró gẹ́gẹ́ bí ìyá ìsàmì rẹ̀. Fadá ò tíì ṣe àmín tán tí àwọn òṣìṣẹ́ fi sáré gbé èkísà, kí omi mímọ́ má baà dípẹtà sí i lára. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé ẹni tó máa gba ìyàwó mi lọ́wọ́ mi ni wọ́n ń sàmì fún.

Iṣẹ́ Rubiela rọrùn láti sọ. Àwọn ilé wa lórí òkè yìí, ọparun ni egungun wọn, sìmẹ́ńtì ni awọ wọn, ilẹ̀ abẹ́ wọn sì máa ń mì. Ó ń fi ìṣirò kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, á mì ín títí á fi sán, á wo ibi tó ti kọ́kọ́ sán, kí ti gidi má baà wó lé ọmọ yín lórí. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò gbọ́n ju ohun tí wọ́n bá sọ fún un lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gé ògiri gidi wẹ́wẹ́, kó gbé e sẹ́nu Àkẹ́jù, kó fọ́ ọ, kó tó mọ bó ṣe le tó. Ọkùnrin tó ń gé e tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọn ò gba ẹlòmíràn. Olùkọ́ àgbà wá di agégi, ó di agé-ògiri.

Lọ́jọ́ Sátidé pàápàá, á ti wọ bàtà kí n tó jí.

"Olówó orí mi, má bínú, Àkẹ́jù ń retí mi."

"Ṣé irin ni mo gbé ọ níyàwó fún ni?"

"Irin yìí kì í hanrun o. Kì í sì í béèrè pé kí la fẹ́ jẹ."

"Kó yan arepa àgbàdo fún ọ nígbà náà, kó sì po omi ìrèké aguapanela tì í, ká rí i!"

Á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi gbé e. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ló ń fa ikọ́ náà. Owú ń jẹ mí débi pé bó bá délé tí eruku ti sọ irun rẹ̀ di funfun, inú á bí mi, n óò ní kó lọ gbọn àlè rẹ̀ dànù kó tó wọ yàrá.

Ó béèrè fún ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ó béèrè, ó tún béèrè. Wọn ò rí owó. Ìgbà tó yá ni àwọn tó ta Àkẹ́jù sọ pé bí eruku bá wọ inú rẹ̀, àwọn ò ní tún un ṣe mọ́. Ha! Owó jáde lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi gíláàsì yí Àkẹ́jù ká, wọ́n fún un ní amúlétutù, wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tó ń fa eruku, wọ́n kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn gàdàgbà pé eruku kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ. Ayùn oníná tó ń gé ògiri ńkọ́? Wọ́n lé òun àti Rubiela lọ sí búkà páánù kan lẹ́yìnkùlé, tí kò ní fèrèsé, kí eruku wọn má baà padà wá. Obìnrin béèrè afẹ́fẹ́, wọ́n gbé afẹ́fẹ́ fún irin, wọ́n sì ti obìnrin náà mọ́ inú eruku.

"Ọ̀gá, èmi ńkọ́?" ó bi Gildardo níwájú gbogbo olùkọ́.

"Ẹ wọ ìbomú, Ọ̀mọ̀wé. Àbí ẹ̀yin kọ́ ni ìyá ìsàmì rẹ̀ ni? Ìyá kì í jowú ọmọ."

Wọ́n ní gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ìyá kò jowú. Èmi ń jowú. Mo ń jowú irin tí ọkùnrin kan ń wọ bàálù wá láti Bogotá lọ́dọọdún láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ta ló gbé etí lé àyà ìyàwó mi rí nínú gbogbo yín? Ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù tí ọparun lè gbé kó tó ké. Rubiela ń ké lójú yín, ẹ ń di ẹrù lé e.

Nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, a lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àìsàn ibi iṣẹ́, èmi ni mo fa àgbá afẹ́fẹ́ rẹ̀. Obìnrin kan níbẹ̀ wo fáìlì, ó wo Rubiela.

"Màmá, wọ́n ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ̀ ń ṣe. Ṣé inú kọ̀ǹpútà leruku ti ń jáde ni?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Rubiela mí, ó tún mí, kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

"Ilé ẹ̀kọ́ tọ́mọ yín ń lọ, ìṣirò mi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbo lẹ rò pé mo ti mọ bí ògiri ṣe le tó? Ṣé mo lá a lálàá ni?"

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìsàn ara rẹ̀ ni, pé iṣẹ́ kọ́ ló fà á.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, bí mo ṣe ń kó ẹrù rẹ̀ jáde, mo gbọ́ igbe ayùn lẹ́yìnkùlé. Mo lọ ṣílẹ̀kùn búkà náà. Yurany Ocampo ni mo bá níbẹ̀, olùkọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, ó funfun dé ìpéǹpéjú. Ó bú sẹ́kún nígbà tó rí mi.

"Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà. Wọ́n ní kí n parí èyí tí Ọ̀mọ̀wé bẹ̀rẹ̀."

"Yurany, jáde níbí."

"Sà, tí mo bá kọ̀, wọn ò ní tún àdéhùn iṣẹ́ mi ṣe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín. Kò ṣe mí ní nǹkan kan, ọ̀fun ló kàn ń yún mi díẹ̀."

Mo fa wáyà ayùn náà yọ. Ó bẹ̀ mí, ó sì tún un kì bọ ojú iná.

Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wa wí. Tiyín yàtọ̀. Ẹni tó ṣíwájú jìn sí kòtò, ẹ wá ti ẹni tó tẹ̀ lé e sínú kòtò náà.

Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé ayùn lọ sí búkà. Kó jáde síta kó sọ ìdí rẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ pa irọ́ tí wọ́n kọ rẹ́, kí wọ́n kọ ohun tó pa á. Kí wọ́n ti búkà yẹn pa, kí dókítà yẹ àyà Yurany wò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà á.

Lánàá ni Gildardo ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n fẹ́ gbé àwòrán Rubiela kọ́ sí yàrá Àkẹ́jù, nínú gíláàsì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Ẹ dúró títí kò fi mí mọ́, kẹ́ ẹ tó fún un láyè níbẹ̀. Mi ò gbà. Àwòrán kì í mí. Yurany ló ń mí. Òun ni kẹ́ ẹ gbé wọlé, lónìí, kí Àkẹ́jù sún fún un.