Ọjọ́ tí Bríd Kọ Orin Bàbá Rẹ̀

Bríd ọmọ Máirtín, Máirtín ọmọ Peadar. Ọmọ akankọ̀ ojú omi. Ọmọ a-fòkúta-mọgbà-má-figi-ṣe. Ọmọ òkun tí í jí kí àkùkọ tó jí. Ọmọ ilẹ̀ tí òjò ti ń fọ ẹsẹ̀ àlejò kó tó wọlé. Àbẹ̀kẹ́ mi. Sùn re o.

Bí wọ́n ṣe ń pe ènìyàn ní abúlé tí wọ́n bí i sí ní Ireland nìyẹn: orúkọ tìrẹ, orúkọ bàbá rẹ, orúkọ bàbá tó bí bàbá rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì ọ́ pè ní ọmọ ẹlòmíràn. Òun ló sọ ọ́ fún mi. Ìyókù, ẹnu rẹ̀ ni mo ti ń ṣà á díẹ̀díẹ̀, tí mo tò ó pọ̀ bí wọ́n ti ń to oríkì nílé wa n'Ìkìrun. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni mo fi kún un láti ọ̀dọ̀ ara mi, nítorí nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, àmọ́ kò sí ẹni tó ń kẹ́ ẹ. Ìtọ́jú yàtọ̀ sí ìkẹ́. Ó fi ogún ọdún ó lé jù mí lọ. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, Mama ni mò ń pè é, "ẹ" ni mo sì ń lò fún un, kì í ṣe "o", àmọ́ bí mo bá ń sọ nípa rẹ̀ báyìí, bí ẹni ń sọ nípa ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹni tí a bá ti fi ọwọ́ ara ẹni wẹ̀, ọ̀wọ̀ rẹ̀ a máa gba ojú ọ̀nà mìíràn wọlé.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé rẹ̀ ní Snellville, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà, mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi Káyọ̀dé ní Grayson, nínú subdivision tí gbogbo ilé ibẹ̀ jọra, débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti lọ ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn onílé-onílé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Ṣùgbọ́n mo ṣe ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ń ṣe níbí, wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n sì ń rán mi lọ sílé àwọn arúgbó tí kò lè dá ara wọn wẹ̀. Bùnmi ìyàwó Káyọ̀dé, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń fi mọ́tò já mi sílẹ̀ láàárọ̀ kó tó lọ sí shift tirẹ̀.

Bríd ti pé ọdún méjìdínláàdọ́rùn-ún. Ó ti lò tó ọgọ́ta ọdún ní Amẹ́ríkà, ó sì fi ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ta aṣọ obìnrin nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Atlanta. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n bí ogbó ti dé, Gẹ̀ẹ́sì náà ń yọ́ lọ bí ọṣẹ inú omi, èdè Irish tó bá a jáde nílé ló ń kù sílẹ̀. Eileen, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kò gbọ́ èdè yìí rárá. Ìyá kò kọ́ ọ. Ó ní nígbà tí òun ń tọ́ ọ dàgbà, inú Gẹ̀ẹ́sì ni oúnjẹ wà. Nítorí náà, bí ìyá bá la ẹnu, ọmọ á kàn máa wò ó bí ẹni ń wo omi ẹ̀rọ tó ń dà ṣòfò, á sì rò pé ọpọlọ ló ti dàrú.

Ní tèmi, Gẹ̀ẹ́sì èmi náà kò kún ìkòkò. Bríd ń sọ Irish, mò ń sọ Yorùbá, iṣẹ́ sì ń lọ. "Ẹ gbé apá sókè, Mama." Á gbé e. "Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀." Á rọra. Òun náà á sọ tirẹ̀, màá wo ojú rẹ̀, màá lọ gbé súwẹ́tà wá. Bí kì í bá ṣe súwẹ́tà ló fẹ́, á bú mi, a óò jọ rẹ́rìn-ín.

Àárọ̀ ni mò ń wẹ̀ ẹ́. Omi ẹ̀rọ tó ń ti òkè rọ̀ bí òjò kò wù mí fún arúgbó, ó máa ń já wọn láyà. Abọ́ ni mo fi ń bu omi sí i lára lórí àga tí mo gbé sínú báàfù. Bí omi gbígbóná bá ti kan ẹ̀yìn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ orin kan, orin gígùn, ìkan náà lójoojúmọ́. Bí mo bá ń da omi sí i lórí, á panu mọ́. Bí omi bá dá, á máa bá a lọ. Lọ́jọ́ kan tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yalé díẹ̀, ó ṣàlàyé pé Máirtín bàbá òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe orin náà, nípa ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kàn tí ó sì fi lé omi. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n lábúlé ti kú tán, òun ló kù.

Kò pẹ́ tí orin náà fi kó ràn mí. Mò ń kọ ọ́ nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan, ni Bùnmi bá bú sẹ́rìn-ín.

"Mà, orin òyìnbó lẹ̀ ń kọ báyìí?"

"Kì í ṣe ti òyìnbó. Ti Irish ni."

"Irish kì í ṣe òyìnbó ni, Mà?"

"Lọ bi Bríd. Bó o bá pè é lóyìnbó, á gbá ẹ létí."

Lọ́dọọdún, bí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn ọmọ Ireland tó wà ní Atlanta àti àwọn tó fẹ́ràn èdè wọn máa ń ṣe àjọ̀dún orin nínú gbọ̀ngàn kan, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Òfin kan ni wọ́n ní: bí o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà, Irish nìkan ni wọ́n ń sọ títí wàá fi jáde. Ẹni tó ń ta tíì, Irish ni. Ẹni tó ń júwe ilé ìgbọ̀nsẹ̀, Irish ni. Bríd máa ń kọrin níbẹ̀ nígbà tí Tom ọkọ rẹ̀ wà láyé. Tom kú, kò lọ mọ́.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Eileen ti rí bẹ́ẹ̀dì kan fún ìyá rẹ̀ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Austell, nítòsí ilé tirẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè tọ̀sán tòru. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa gbé e lọ. Ìyá gbọ́. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá ṣáká: "Ilé mi ni mo fẹ́ kú sí." Lẹ́yìn náà ló padà sínú Irish, kò sì jáde mọ́ lọ́jọ́ náà. N kò ní purọ́, iṣẹ́ tèmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dùn mí jù.

Mo bá Eileen sọ ọ́ ní kíṣìnì. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kì í ṣe ènìyàn burúkú.

"Ẹ wò ó, ọpọlọ màmá mi ti lọ. Kò mọ ohun tó ń sọ mọ́."

"Ó mọ̀ ọ́n."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ gbọ́ Irish ni?"

"Rárá."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ìyá tún kọrin lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ. Ó gbà pé kí ìyá lọ síbi àjọ̀dún náà ní Sátidé, kó fi dágbére fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀, kó sì kọrin bó bá lè kọ ọ́. Ó ní, "Àmọ́ bí ojú bá tì í níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ fà á o." Mo ní mo gbọ́.

Bàbá kan tó ń jẹ́ Seosamh ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí Eileen ti fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, ó gbé ìka lé ètè. Eileen panu dé, ó sì wà bẹ́ẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, obìnrin tó máa ń fi fóònù pàṣẹ fún ènìyàn mẹ́wàá. Ó kàn mí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìnáwó. Ọdún á yabo." Seosamh wò mí, ó ronú, ó dá mi lóhùn ní Irish, èsì náà gùn ju ìkíni mi lọ, ó sì yà fún mi. Òfin ní kí a má sọ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní kí a má sọ Yorùbá. Yorùbá ni mo fi gba tíì níbẹ̀, òun náà ni mo fi bá ìyá kan ṣe àríyànjiyàn lórí àga. Inú mi ń dùn, mo ń wú. Adìẹ funfun kò mọ ara rẹ̀ lágbà.

Bí àwọn àgbàlagbà wọn ti ń kọrin yàtọ̀ sí tiwa. Ẹnìkan á jókòó, á di ojú, á kọrin láìsí ìlù, láìsí fèrè. Ẹni tó jókòó tì í á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń lọ ata. Àwọn tó kù á máa gbọ́. Wọn kì í gbè é. Èyí kò yé mi tó. Nílé wa, orin tí kò légbè, ẹkún ni.

Wọ́n pe Bríd. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó gbọ̀n, ṣùgbọ́n gbogbo gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́, kódà àwọn ọmọdé. Ẹsẹ̀ kìíní, ìkejì, ìkẹta. Mo ń kà á lọ́kàn. Ó kọ ìkarùn-ún, ó mí, ó sì dúró. Mo rò pé ó ń sinmi ni. Kò ń sinmi. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀, kò rí i. Kò sí ẹni tó ṣí ẹnu. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n sọ fún mi pé bí àṣà wọn ti rí nìyẹn, wọ́n máa ń dúró de olórin ni. Ìgbà yẹn, mo rò pé wọ́n ti dá a dá ìtìjú ni. Eileen ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo gbé e. Mo gbé ohun tó tẹ̀lé e nínú orin náà, pẹ̀lú ohùn ẹgbẹ́ akọrin, bí ẹni tó ń gbè lẹ́yìn olórí nílé ìsìn n'Ìkìrun. Gbogbo orí yí sí mi. Ẹnìkan ní "Ṣíì!" Seosamh dìde. Bríd la ojú, ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó fi gbá mi lẹ́yìn ọwọ́, pàà! Ó sọ ọ̀rọ̀ kúkurú kan sí mi. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀ kò lanu kó gbé mi mì. Àmọ́ Bríd ti di ojú padà, ó sì ti ń kọ ẹsẹ̀ kan tí n kò gbọ́ rí. Láàárín ẹsẹ̀ náà mo gbọ́ orúkọ rẹ̀, Bríd, ó dún ketekete. Eileen náà gbọ́ ọ. Mo rí i tó sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lójú. Ìyá rẹ̀ bọ́ sínú ẹsẹ̀ tí mo ti fi ariwo bà jẹ́, ó kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ó kọ ìkẹjọ, ó kọ ìkẹsàn-án, ó parí rẹ̀ tán pátápátá. Wọ́n hó.

Níta, níbi tí a gbé mọ́tò sí, tí Gẹ̀ẹ́sì ti di àṣegbé, Eileen bi Seosamh pé kí ni ìyá òun sọ tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín.

"Ó sọ fún màmá yìí pé, 'O fò mí kọjá!'"

Ó ṣàlàyé fún wa pé inú ẹsẹ̀ yẹn ni Máirtín ti sọ pé Bríd ọmọ òun kékeré, láìwọ bàtà, ló kọ́kọ́ rí aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ náà nígbà tó ń padà bọ̀ wálé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ibẹ̀ gan-an ni mo máa ń da omi sí i lórí láràárọ̀, inú ló ti ń kọ ẹsẹ̀ náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi kọ́ orin tó lu ihò, tí mo sì ń yangàn pé mo mọ̀ ọ́n tán.

"Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, àbí?" Eileen ló ń béèrè.

"Ó mọ́gbọ́n dání ju tèmi lọ," ni Seosamh wí. "Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó wọ́ láti àárọ̀."

Eileen ló wa mọ́tò padà sí Snellville. Nígbà tí a dé iwájú ilé, ó pa mọ́tò, ó pe Seosamh lórí fóònù, ó gbé e sí etí ìyá rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà Eileen gba fóònù, ó ní, "Kí ló wí?"

A jọ gbọ́ èsì Seosamh. "Ó ní bẹ́ẹ̀dì yín ti Austell, kí ẹ lọ sùn sórí rẹ̀ bó bá rẹ̀ yín. Ó ní ó rẹ̀ yín lóòótọ́. Ó ní òun rí i."

Eileen gbé orí lé sítíárìn, ó sunkún. Ọjọ́ Ajé dé, kò sí ẹni tó lọ sí Austell. Láti ìgbà náà, Seosamh ń wá ní gbogbo Ọjọ́rú, ó ń jókòó láàárín ìyá àti ọmọ, ó ń gbé ọ̀rọ̀ ti ibí sí ọ̀hún.

Ọdún kan àti oṣù márùn-ún ni Bríd tún lò. Èmi náà ti darúgbó báyìí, ọwọ́ mi kò lè gbé ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú pé ká ní mo dákẹ́ lọ́jọ́ náà, bóyá á rí ẹsẹ̀ náà fúnra rẹ̀, bóyá kò ní rí i. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti wà lọ́dọ̀ ènìyàn, mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti bọ́ ọ, síbẹ̀ ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi ni mò ń dí i lẹ́nu, tìfẹ́tìfẹ́ sì ni mò ń ṣe é. N kò fi dá ara mi lẹ́bi. Mo kàn rántí rẹ̀ ni.

Orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Snellville ló kú sí, ní ìdájí, Eileen wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni a sin ín, ní aago mọ́kànlá àárọ̀, nítòsí Tom. Seosamh wá. Bùnmi gba àyè níbi iṣẹ́, ó gbé mi lọ. Wọ́n da erùpẹ̀ bò ó, a sì padà sílé.