Bíríkì Ilé Bàbá Wa

Bàbá wa ló fi bíríkì pupa kọ́ ilé wa ní Èbúté Mẹ́ta, kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí owó epo dé, tí gbogbo ayé ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní àwọn máa wó o, àwọn á fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé alájà mẹ́ta, kí àwọn lè máa gbowó ilé. Bàbá ti kú nígbà náà. Màmá ò bá wọn fà á. Èmi ni mo jà títí ohùn mi fi há, wọn ò tiẹ̀ wo apá ibi tí mo wà.

Àsìkò yẹn náà ni ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Yábàá sán. Ilé àtijọ́ ni, bíríkì ni látòkè délẹ̀. Bíríkìlà tí wọ́n gbéṣẹ́ fún kọ́kọ́ fi bíríkì tuntun dí i; ó rí bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ tuntun lẹ àkísà, ló bá tú u. Ó ní àfi bíríkì tó ti gbó bíi tàwọn tó wà níbẹ̀. Mo délé, mo sọ fún Màmá.

"Kí wọ́n wá kó tiwa," ló sọ. "Ó kéré tán, màá ríbi máa lọ wò ó."

Nǹkan kan ṣoṣo tó bèèrè nìyẹn.

Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi wó ilé náà, bíríkìlà wá kó bíríkì rẹ̀, ó sì ṣiṣẹ́ ọ̀hún tọkàntọkàn. Ó ha símẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò lára bíríkì wa, ó sì tò wọ́n mọ́ ti tẹ́lẹ̀, kí ó má bàa dà bí ibi tí wọ́n lẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí èéfín ilé ìdáná Màmá ti sọ di dúdú, inú ògiri ló kọ ọ́ sí.

Nígbà tó parí, Màmá wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo mú un lọ. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà lọ, ó rìn ín bọ̀.

"Tiwa dà?"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi tí mo tò ó gan-an ò dá a mọ̀ mọ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ojú Màmá yí padà. Inú bí mi sí ọkùnrin náà, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rere ló ṣe. Òun náà rí ojú Màmá, ló bá yára nawọ́ sí bíríkì kan lábẹ́ fèrèsé.

"Ẹ wò ó, Màmá. Ọ̀kan nìyí."

Irọ́ ni. Abẹ́ fèrèsé yẹn ò sán rí, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Màmá gbọ́wọ́ lé e, ó rọra ki oríkì bàbá wa, ó gbàdúrà, mo sì ṣe àmín. Ó dùn mí wọra.

Bí a ṣe ń lọ síbi tá a ti máa wọkọ̀, ó ní, "Kì í ṣe tiwa nìyẹn. Àbí o rò pé mi ò mọ̀ ni?"

Mo bi í pé kí ló dé tó fi gbàdúrà síbẹ̀.

"Níbo ni kí n wá gbọ́wọ́ lé?"