Ẹ̀wù Ìrépé tí Ìyá Télọ̀ Rán fún Ara Rẹ̀

Wọ́n ní áńgẹ́lì kan yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó yọ téèpù lábẹ́ ìyẹ́, ó wọn ìyá láti èjìká dé kókósẹ̀ fún aṣọ ọ̀run. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ìparí àdúgbò, áńgẹ́lì ti di mẹ́ta, ọ̀kan sì ń ṣàròyé pé ikùn ìyá ti tóbi jù.

Aṣọ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ló rán an. Láti ìgbà tí dókítà ti ní Ọjọ́rú lòun máa yọ kókó inú ikùn rẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Ikú gan-an kọ́ ló ń bà á lẹ́rù, ohun tó máa fi hàn níwájú Olúwa ni. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ ọ̀fẹ́ fún àwọn opó, tó sì ń tọ́jú ìrépé kọ̀ọ̀kan. Ó wá rán gbogbo wọn pọ̀ ní ẹ̀wù gígùn, pé bí wọ́n bá ní kí òun wá rojọ́, ẹ̀wù á bá òun rò ó. Ó gbé e wọ̀, èjìká há. Ó tú u, ó tún un rán, ó tún há sí i. Ó sáré rán ṣòkòtò ọ̀fẹ́ fún mẹkáníìkì tí kò bẹ̀ ẹ́, bóyá ìrépé tiẹ̀ á fẹ èjìká náà. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan gùn ju èkejì lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, bá a lẹ́nu ẹ̀.

“Àǹtí, ta ló wọ̀n yín?”

“Èmi náà ni.”

“Ọ̀bẹ wo ló gbẹ́ èkù ara rẹ̀ rí?”

Àbúrò mú téèpù. Ìyá gbé èjìká sókè, ó fa ikùn sínú, ó tún di etí téèpù mú.

“Kí lẹ máa ń sọ fún kọ́sítọ́mà? Má bá mi ṣe é, dúró jẹ́ẹ́, ju apá sílẹ̀. Jésù ti rán tiyín tipẹ́, Àǹtí. Ẹ ò kàn jẹ́ kó wọ̀ ọ́ fún yín ni.”

Apá ìyá kọ̀, ó nà bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Ó pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀. Ẹkún ló bá a wálẹ̀.

L'Ọ́jọ́rú, àwọn aládùúgbò kún bẹ́ǹṣì ọsibítù, wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa áńgẹ́lì. Orí bẹ́ẹ̀dì ni ìyá ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe, kí wọ́n tó tì í wọ yàrá iṣẹ́ abẹ:

“Àbúrò mi ló wọ̀n mí, kò sì ní ìyẹ́ kankan. Ẹ̀wù yẹn ò bá mi mu, mo ti gé e, òun la fi ń nu epo ara máṣíìnì báyìí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n aṣọ tí mi ò rán ni mo wọ̀ lọ.”