Orin Sààrì Mùtíù Lórí Ìtàgé Màpó

Báwo ni orin Mùtíù ọ̀rẹ́ mi ṣe dé Màpó?

Eré olórin ni mo lọ wò lọ́sàn-án òní. Ìtàn ọmọbìnrin ìgboro kan ni, tí kò mọ̀ pé òun lóhùn, àfìgbà tó tẹ̀lé àwọn ajísààrì káàkiri lóṣù ààwẹ̀. Eré náà dùn, mi ò ní purọ́.

Àfi bí ọmọ náà ṣe lanu kọrin: "Ìyá Sáfú ẹ̀bá kànga, ẹ dìde, sààrì ń lọ!"

Mo fò dìde. Ìyá àgbà mi ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni Ìyá Sáfú! Oorun wọn wúwo, ni Mùtíù ṣe kọ orin yẹn láti máa fi jí wọn.

Mo bá ọ̀gá eléré lẹ́yìn ìtàgé. "Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí orin kànga yẹn?"

"Orin àtijọ́ ni, àbúrò. Kò sẹ́ni tó ni ín."

"Àtijọ́ wo? Ìyá Sáfú mu ẹ̀kọ láàárọ̀ yìí!"

Ó ní wọ́n ń pe òun, ó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iléèwé abúlé ni mo lọ, ṣùgbọ́n mo lè ka orúkọ. Mo yẹ ìwé eré náà wò tojú tẹ̀yìn. Kò sí Mùtíù.

Mo pè é. Ó ní: "Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí fóònù fáwọn. Wọ́n ní àwọn á dárúkọ mi."

Ọ̀la ni wọ́n tún ń ṣeré náà. Mo ti ní kí Ìyá Sáfú múra. Wọ́n á jókòó síwájú. Tí ọmọ yẹn bá ti ní kí wọ́n dìde, wọ́n á dìde.

Àṣejù ni, àbí ẹ máa bá wa lọ?