Ọjọ́ tí Ótó Gbọ́ Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tójú mi rí lóko àgbàdo kan lẹ́yìn Abobo, ní Abidjan níbí, kí ìjà òṣèlú tó mú ìlú gbóná. Ẹ lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín o. Èmi náà rẹ́rìn-ín láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bọ̀dá Mufú, ará Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tèmi, ń ṣiṣẹ́ ní pọ́ọ̀tù Abidjan nígbà yẹn. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó Faransé kan, fẹ̀yìn tì, ó ń padà sílùú wọn, ló bá fa ajá mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Ajá Làbúrádọ̀, irú èyí tó ń bá ọdẹ gbé ẹyẹ wá! Méjì dúdú, ìkẹta pupa rúsúrúsú. Àwọn ajá tó gbọ́ Faransé ju èmi tẹ́là Adjamé lọ!

Agboolé mùsùlùmí ni Bọ̀dá ń gbé ní Williamsville, ẹnu ọ̀nà kan kọjú sí èkejì. Àlàájà tó kọjú sí wọn ló kọ́kọ́ figbe ta pé itọ́ ajá ń ba àlùwàlá òun jẹ́. Ṣé ẹ mọ bí a ṣe ń sọ ajá lórúkọ nílẹ̀ wa? Ajá là ń pè, aládùúgbò là ń bá wí. Bọ̀dá bá ti orúkọ òyìnbó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sọ dúdú kan ní Kílókànyín, ó sọ ìkejì ní Ẹjẹ́nsinmi. Nígbà tí ẹjọ́ ò tán, ó sọ pupa, tó kéré jù, ní Ótó.

Bó bá ti ń pè wọ́n láàárọ̀, Àlàájà á yọrí: "Mufú, èmi lò ń bú?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, Àlàájà? Ajá mi ló fẹ́ jẹun."

Àmọ́ lóko, orúkọ yẹn kì í ṣe eré. Olóko ló bẹ̀ wá pé àparò ti fẹ́ jẹ àgbàdo òun tán. Bọ̀dá á gbé ìbọn, èmi á gbé àpò. Tí ẹyẹ bá já bọ́, ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jókòó, wọ́n á máa gbọ̀n, ojú wọn á wà níbi tó bọ́ sí. Kò séyìí tó gbọ́dọ̀ dìde àfi èyí tó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Tí wọ́n bá jọ lọ, wọ́n á fa ẹyẹ náà ya. Fèrè kékeré kan wà lọ́rùn Bọ̀dá, òun ló fi ń pè wọ́n padà.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọ̀rọ̀ ti le nílé. Onílé ti ní kí Bọ̀dá yan ajá kan ṣoṣo, kó kó méjì yòókù jáde. Bọ̀dá ní òun ò yan nǹkan kan.

"Àbúrò, tí wọ́n bá ní kó o yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ ńkọ́?"

Mo ní èmi á mú èyí tí kì í jẹun púpọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó yìnbọn lẹ́ẹ̀mejì. Àparò kan bọ́ nítòsí wa, Kílókànyín lọ gbé e wá. Ìkejì kọjá títì Anyama kó tó já lulẹ̀. Bọ̀dá ní ká má rán ajá síyẹn, ọkọ̀ pọ̀ jù, àwa fúnra wa la máa lọ gbé e. Ìgbà náà ni fóònù rẹ̀ dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Onílé àti Àlàájà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń béèrè èwo ló máa ṣẹ́ kù.

Inú bí Bọ̀dá. Ó pariwo sínú fóònù: "Ó tó! Sọ fún wọn pé ó tó!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí i?

Ótó dìde. Wọ́n ṣáà ti pe orúkọ rẹ̀, ẹyẹ kan sì kù nílẹ̀. Bọ̀dá ju fóònù nù, ó ń ké, "Ótó! Ótó!" Bó ṣe ń ké e ni ajá túbọ̀ ń sáré, ó rò pé kóun yára ni. Kí Bọ̀dá tó rí fèrè fi sẹ́nu, Ótó ti kọjá títì, ó ti gbé ẹyẹ. Fèrè dún. Ó tún gbọ́ràn! Ó yíjú padà, ó ń bọ̀ tìrùtìrù. Bọ́ọ̀sì kékeré tá à ń pè ní gbaka ló gbá a. Kò tiẹ̀ dúró.

Nígbà tá a débẹ̀, àparò ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Bọ̀dá kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́, ó rọra sọ ọ̀rọ̀ tí òyìnbó fi kọ́ wọn: "Donne," ìyẹn ni pé kó gbé e fún òun. Ótó fi ẹyẹ sílẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ló kú.

Ẹ̀bá oko la sin ín sí. Àwọn méjì yòókù jókòó jẹ́jẹ́ títí a fi ṣe tán, torí kò sẹ́ni tó pè wọ́n.

Nígbà tá a délé, Àlàájà ti múra ìjà sílẹ̀, àfi bó ṣe rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ Bọ̀dá. Ó wo ajá méjì náà. Ó ní, "Èwo ni ò sí níbẹ̀?" Bọ̀dá wọlé lọ bọ́ aṣọ náà. Èmi ni mo bá a dáhùn: "Ótó."

"Mo ti dákẹ́, tẹ́là. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́."

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé orúkọ ajá ni mo dá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ń sunkún. Òun náà ló bẹ onílé pé kó fi àwọn tó kù sílẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ajá ò mọ̀ pé aládùúgbò là ń bá wí. Ó gbà pé òun là ń pè, ó sì ń jẹ́ wa lóhùn tọkàntọkàn. Títí dòní, tí ìyàwó Bọ̀dá bá ń bu oúnjẹ fún un, ọwọ́ ló fi ń dá a dúró. Bọ̀dá kì í sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti sin ajá rí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ síbí, kí n bá yín pè é.